Ojú ọ̀tún kì í ṣe ojú òsì: ohun tí a rí kọ́ ní Berlin àti Hamburg nípa iṣan ojú wa

Ìwé pélébé kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa lọ ṣe awò ojú tuntun ní Hamburg, nítorí pé kò rí ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó ní kíláàsì dáadáa mọ́. Ẹni tó ń ta awò ní kó gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ kan, ó ya àwòrán inú ojú rẹ̀ ọ̀tún àti òsì, ó wò ó títí, ó sì kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀ fún un: 0.6 fún ojú ọ̀tún, 0.4 fún ojú òsì. Ó ní kó gbé ìwé náà lọ bá dókítà ojú, kó má sì fi falẹ̀. Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló pè wá ní Berlin. Kò sọ bí awò tuntun náà ṣe rí. Ohun tó bi wá ni pé, "Ṣé bí ojú Bàbá àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí?"

Bàbá tó bí màmá rẹ̀ fọ́jú ní Ìbàdàn kó tó kú. Àwọn kan nínú ẹbí ní àwọn ayé ló gba ojú bàbá. Àwọn mìíràn ní ọjọ́ ogbó ni. Kò sí ẹni tó dárúkọ àìsàn kankan, kò sì sí ẹni tó béèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, a kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọ̀rẹ́ wa kò jẹ́ ká sùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní irú Bàbá àgbà bẹ́ẹ̀ nílé. A bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, a ń béèrè, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg láti bá a jókòó. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ. Ṣé ó yẹ kí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba? Bí wọn kò bá dọ́gba, ìyàtọ̀ wo ni ti ẹ̀dá, èwo sì ni ti àìsàn?

Kí ni wọ́n ń wọ̀n gan-an?

Lẹ́yìn ẹyinjú kọ̀ọ̀kan ni iṣan kan wà tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ. Ẹ fojú inú wò ó bí okùn iná tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín tó tó mílíọ̀nù kan dì pọ̀. Ibi tí gbogbo wáyà náà ti kóra jọ láti jáde kúrò nínú ẹyinjú ni à ń pè ní orí iṣan ojú. Bí dókítà bá wo inú ojú, ó máa ń rí i bí àwo róbótó kékeré kan, tí gíga rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mílímítà kan àbọ̀ sí méjì. Láàárín àwo yìí ni kòtò kan wà. Etí àwo tó yí kòtò náà ká ni àwọn wáyà ń gbà kọjá.

Nọ́ńbà 0.6 tí wọ́n kọ fún ọ̀rẹ́ wa túmọ̀ sí pé bí a bá pín gíga àwo ojú ọ̀tún rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, kòtò gba mẹ́fà nínú rẹ̀. Ní ojú òsì, ó gba mẹ́rin.

Kí ló dé tí èyí fi lè dẹ́rù ba ènìyàn? Nítorí glaucoma ni. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Grüner Star. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ: kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ìràwọ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ó jẹ́ ti ojú tó ranjú kalẹ̀ tí kò ríran. Glaucoma máa ń pa àwọn wáyà inú iṣan ojú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kú ni etí àwo ń tín-ín-rín sí i, tí kòtò ń fẹ̀ sí i.

Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ènìyàn wa kì í dunni, kì í sì í jẹ́ kí ojú pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, àárín á sì ṣì máa ríran. Bí ojú kan bá ní àlàfo níbì kan, èkejì á bá a dí i. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè pàdánù ìdajì iṣan ojú kan kó má mọ̀. Èyí tó bá sì ti kú, kò sí oògùn tó lè jí i.

Glaucoma kì í sábà ba ojú méjèèjì jẹ́ ní ìwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan máa ń ṣáájú. Látàrí èyí ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn dókítà pé bí kòtò ojú kan bá fi 0.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tóbi ju ti èkejì, kí wọ́n fura. Ọ̀rẹ́ wa bọ́ sórí ìlà náà gẹ́lẹ́.

Dókítà tó pe kòtò ní òkè

Ní Berlin, bí ẹ bá gba Luisenstraße lọ sí ilé ìwòsàn Charité, ẹ ó rí ère ọkùnrin kan ní igun Schumannstraße. Albrecht von Graefe ni. Ìlú Berlin ni wọ́n ti bí i ní 1828, ó sì kú ní 1870, lẹ́ni ọdún 42. Ní 1882 ni wọ́n gbé ère náà kalẹ̀. Ohun tó mú lọ́wọ́ ni Augenspiegel, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo inú ojú. Àìmọye ìgbà la ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tí a kò gbé ojú sókè wò ó.

Kí Augenspiegel tó dé, kò sí ẹni tó lè rí iṣan ojú ènìyàn alààyè. Hermann von Helmholtz ló ṣe é. Ó kéde rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ti Berlin ní oṣù Kejìlá ọdún 1850, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1851. Ère tirẹ̀ náà wà níwájú Yunifásítì Humboldt ní Unter den Linden.

Graefe gba irinṣẹ́ tuntun náà, ó fi wo ojú àwọn tí glaucoma ń bá jà. Ní 1854, ó sọ pé orí iṣan ojú wọn wú síta bí òkè. Ó ṣì í. Kòtò ló wà níbẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wo inú Augenspiegel nígbà náà, ojú kan ṣoṣo kì í sì í mọ jíjìn dáadáa. Òjìji tó ṣubú sínú kòtò lè jọ òjìji ara òkè. Kò pẹ́ lọ títí tí Graefe fi rí àṣìṣe ara rẹ̀, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà kọ ní gbangba. Ní 1857, níbi ìpàdé àwọn dókítà ojú ní Brussels, ó ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ tó lè dá irú glaucoma kan dúró. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí irú rẹ̀ bá mú, ìfọ́jú ló ń dúró dè.

Ìtàn yìí kọ́ wa pé wíwò lásán kò tó. Dókítà ojú tó mọṣẹ́ jù ní Berlin wo kòtò, ó pè é ní òkè. Títí di òní, bí dókítà méjì bá wo àwòrán kan náà, ọ̀kan lè sọ pé 0.5, kí èkejì sọ pé 0.6. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń wá ẹ̀rọ tó lè wọn nǹkan dípò kó máa fojú díwọ̀n.

Ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ jù lónìí ni OCT. Ní 1991 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aláboyún ṣe ń lo ohùn ni OCT ṣe ń lo ìmọ́lẹ̀. Ó máa ń fi hàn bí ìpele wáyà tó yí orí iṣan ká ṣe nípọn tó. Máíkírónì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Irun orí kan nípọn tó bíi máíkírónì 70. Ní ojú ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ yá, ìpele náà sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 90 sí 110.

Ìka kò dọ́gba

Àwọn àgbà wa ní ìka kò dọ́gba. Wọ́n lè fi iṣan ojú kún un. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àwọn tí kò ní àìsàn ojú kankan jọ, tí wọ́n wọn ojú ọ̀tún, tí wọ́n wọn ti òsì, tí wọ́n sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, díẹ̀ péré ni ìyọkúrò náà já sí òdo fún. Ọ̀pọ̀ ní ìyàtọ̀ máíkírónì méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín àwọn tí ara wọn yá, ìyàtọ̀ náà kì í sábà ju máíkírónì 9 sí 10 lọ. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀ ló yẹ kó kọni lóminú.

Kí ló ń fa ìyàtọ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀dá? Àkọ́kọ́ ni títóbi àwo fúnra rẹ̀. Iye wáyà tó ń gba ojú ọ̀tún àti òsì kọjá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí àwo ọ̀kan sì tóbi ju èkejì lọ. Bí a bá gbé ìwọ̀n ẹ̀wà kan náà sí etí àwo ńlá àti etí àwo kékeré, àlàfo àárín àwo ńlá á fẹ̀ ju ti kékeré lọ. Ẹ̀wà kò dín kù. Àwo ló tóbi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kòtò ńlá nínú àwo ńlá ṣe lè jẹ́ ohun tí ènìyàn bá wáyé.

Èkejì ni gígùn ẹyinjú. Ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa sábà máa ń ní ẹyinjú tó gùn. Bí ojú kan bá gùn ju èkejì lọ, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ á rìn jìnnà díẹ̀, òǹkà á sì lè fi ìpele náà hàn bí èyí tó fẹ́lẹ́. Ìkẹta ni bí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe là kọjá, nítorí pé kò sí ojú méjì tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn to bákan náà.

Ohun kan wà tó kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Ìwádìí ti fi hàn léraléra pé àwo orí iṣan ojú àwa tó ti Áfíríkà wá máa ń tóbi ju ti òyìnbó lọ, bí a bá kó gbogbo rẹ̀ papọ̀ wò. Kòtò wa náà sì máa ń tóbi. Èyí lè mú kí wọ́n fura sí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ní ìdà kejì, glaucoma wọ́pọ̀ láàárín wa ju láàárín òyìnbó lọ, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé "bí ojú aláwọ̀ dúdú ṣe rí nìyẹn" lè jẹ́ kí àìsàn gidi lọ lójú òun.

Ẹ̀rọ OCT máa ń fi àwọ̀ sọ̀rọ̀: àwọ̀ ewé bí ó bá dára, pupa bí ìpele náà bá fẹ́lẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni "ọ̀pọ̀ ènìyàn" yìí? Àwọn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ti wọn ojú wọn tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ dé, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ibí yìí ni fífi ojú kan wé èkejì ti wúlò jù. Ojú òsì rẹ ní ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú ojú ọ̀tún rẹ. Òbí kan náà ló bí wọn, àwọ̀ kan náà ló bò wọ́n. Bí o bá ń wá ẹni tí ìwọ yóò fi ojú ọ̀tún wé, kò sí ẹlẹ́rìí tó sún mọ́ ọn tó ojú òsì.

Nọ́ńbà ń tẹ̀ lé ìbéèrè

Glaucoma nìkan kọ́ ló ń lo ìyàtọ̀ yìí. Ní Charité ní Berlin àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Hamburg ní Eppendorf, tí gbogbo ayé ń pè ní UKE, àwọn dókítà ọpọlọ ń tọ́jú àwọn tó ní MS, àìsàn tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń kọlu ọpọlọ àti iṣan ara ẹni. Iṣan ojú sábà máa ń wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọlù, ó sì lè jẹ́ ti ojú kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí MS ń mú, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n wọn ojú àwọn tó ní MS àti àwọn tí kò ní i, wọ́n sì rí i pé ìyàtọ̀ máíkírónì 5 nínú ìpele wáyà tó yí orí iṣan ká, tàbí 4 nínú ìpele àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wáyà náà ti ń wá, lè fi hàn pé ìkọlù ti ṣẹlẹ̀ sí iṣan ojú kan rí. Nígbà tí wọ́n tún òfin tí wọ́n fi ń dá MS mọ̀ ṣe, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2025, iṣan ojú wọ inú àwọn ibi tí dókítà gbọ́dọ̀ máa wò.

Ẹ lè béèrè pé: ìgbà kan ẹ ní 9, ìgbà kan ẹ ní 5, èwo ni ká mú? Àwa náà béèrè. Ó dà bí àwọ̀n ẹja. Bí ojú àwọ̀n bá kéré, ẹja kékeré kò ní sá lọ, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí á bá a wọlé. Bí ojú rẹ̀ bá tóbi, ìdọ̀tí á dín kù, ẹja mìíràn á sì yọ́ lọ. Nọ́ńbà 5 wúlò fún ẹni tí dókítà ti fura sí MS lára rẹ̀. Bí a bá fi 5 kan náà dẹ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ inú yàrá kan, a ó dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe. Nọ́ńbà kì í dá sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé e dání àti ohun tó ń wá ló ń fún un ní ìtumọ̀.

Kí a lè mọ ohun tó jẹ́ ti ẹ̀dá, a ní láti wọn ojú àwọn tí kò ṣàìsàn, kí wọ́n sì pọ̀. Hamburg ń ṣe èyí. Láti 2016 ni UKE ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Hamburg City Health Study, tí wọ́n fẹ́ fi yẹ ẹgbẹ̀rún 45 ará ìlú náà wò, láti ẹni ọdún 45 sí 74. Ojú wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, pẹ̀lú ọkàn àti ọpọlọ. Ìwé ni wọ́n fi ń pe àwọn tí wọ́n bá yàn. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ilé òbí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú sínú ìdọ̀tí. Bí àwọn tó jọ wa kò bá sí nínú ìwọ̀n náà, ojú àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ó máa fi díwọ̀n tiwa.

Àbájáde ọ̀rẹ́ wa

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ wa fi dúró kó tó rí dókítà ojú. Ó sọ fún wa pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, òun máa ń fi ọwọ́ bo ojú kan lálẹ́, òun á wo iná òpópónà, òun á sì tún bo èkejì.

Dókítà náà fara balẹ̀. Ó wọn ìfúnpá inú ojú: 15 ní ọ̀tún, 16 ní òsì, láàárín 10 sí 21 tí wọ́n máa ń retí. Ó ní kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tó bá rí iná kékeré ní ẹ̀gbẹ́ ojú, kò sì sí ibi tí kò rí. Lẹ́yìn náà ló wọn àwo orí iṣan. Ti ọ̀tún ga tó mílímítà 2.0, ti òsì sì jẹ́ 1.75.

Dókítà náà mú bírò, ó ṣe ìṣirò náà níwájú rẹ̀. Bí a bá mú àwo àti kòtò bí òbìrípo, tí a yọ kòtò kúrò nínú àwo, etí tó kù ní ojú ọ̀tún jẹ́ nǹkan bíi 2.0 ní mílímítà onígun mẹ́rin. Ti òsì náà jẹ́ nǹkan bíi 2.0. Kòtò ni kò dọ́gba. Etí tí wáyà ń gbà kọjá dọ́gba. OCT sọ ohun kan náà: máíkírónì 101 ní ọ̀tún, 98 ní òsì. Ojú ọ̀tún tí wọ́n ní kòtò rẹ̀ tóbi ni ìpele wáyà rẹ̀ nípọn jù.

"Bí wọ́n ṣe bí ẹ nìyẹn," ni dókítà wí. Ó ní kó máa wá lọ́dọọdún, kó sì tọ́jú ìwé OCT náà. Bí wọ́n bá rí 101 lọ́dún yìí, tí wọ́n tún rí 100 lọ́dún mẹ́ta sí i, kò sí wàhálà. Bó bá di 90, ìyẹn ni ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ta ló ní glaucoma nínú ẹbí yín?"

Màámi

Ọ̀rẹ́ wa dé ilé, ó sọ fún màmá rẹ̀ pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Màmá náà jẹ́ ẹni ọdún 56, ó ti pẹ́ ní Hamburg. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ń ríran. Mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún dókítà?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sin mí lọ. Ẹ̀rù ń bà mí láti dá lọ."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Wọ́n jọ lọ.

Ohun tí dókítà rí lójú màmá náà ló jẹ́ kí a kọ àpilẹ̀kọ yìí. Kòtò ojú ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ 0.8. Ti òsì náà jẹ́ 0.8. Ìpele wáyà jẹ́ 72 ní ọ̀tún, 71 ní òsì. Wọ́n dọ́gba. Bó bá jẹ́ òfin 0.2 nìkan ni wọ́n fi wò ó, wọn ì bá ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n etí àwo náà ti fẹ́lẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, ìfúnpá inú ojú jẹ́ 25 àti 24, nígbà tó sì ń tẹ bọ́tìnnì, kò rí àwọn iná tó wà lápá òkè. Glaucoma ni, ní ojú méjèèjì.

Ọmọ ní ìyàtọ̀, kò ní àìsàn. Ìyá kò ní ìyàtọ̀, ó ní àìsàn. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo nọ́ńbà tó wà lókè yìí, ẹ má gbàgbé èyí. Ìyàtọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí kan. Dókítà ṣì gbọ́dọ̀ pe àwọn ẹlẹ́rìí yòókù: ìfúnpá, etí àwo, ẹ̀gbẹ́ ojú, ìtàn ẹbí, àti ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá náà dákẹ́ nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá mi máa ń kọlu férémù ilẹ̀kùn. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó ń rí i. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á kọlù ú. Àwa ọmọ máa ń fi rẹ́rìn-ín."

Ní báyìí, ó ń kán oògùn sójú lálaalẹ́. Kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ìfúnpá náà lọ sílẹ̀, kí èyí tó kù má bàa tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì gbà kí a kọ ọ́, wọ́n kàn ní kí a má dárúkọ àwọn.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Nígbà ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti lé ní ogójì ọdún, nǹkan bíi márùn-ún ló ní glaucoma. Ó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn lọ tí kò mọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló ti fọ́jú. Ní Tema ní Ghana, ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 rí i pé ó ju mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ń wá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń fa èyí. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ dájú ni pé ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní i wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Fún àwa tó wà ní Jámánì, ẹ kò nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn kí ẹ tó lọ rí Augenarzt. Krankenkasse ìjọba kì í san owó àyẹ̀wò glaucoma fún ẹni tí kò ní àmì kankan. Ẹ ó fi owó ara yín san án, IGeL ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti rí ohun tó fura sí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ sọ ìtàn ẹbí yín fún un kó tó béèrè. Owó OCT fún glaucoma ṣì ń já lé ọ̀pọ̀ ènìyàn léjìká, nítorí náà ẹ béèrè iye tó jẹ́ kí wọ́n tó yà á. Bí ẹ bá ti yà á, ẹ gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní iṣan ojú yín kò dọ́gba, ẹ béèrè bí àwo kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, kí ẹ tó fi oorun yín ṣòfò.

Èyí tó ṣòro jù kò ná yín ní owó kankan. Ẹ pe ilé. Ẹ béèrè ohun tó ṣe ojú Bàbá àgbà, ohun tó ṣe ojú Ìyá àgbà. Bí wọ́n bá ní àwọn ayé ni, ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn béèrè bóyá wọ́n máa ń kọlu ilẹ̀kùn.